Ìjà Ńlá Tí Géètì Kékeré Bà Jẹ́

Ọjọ́ Sátidé kan wà tí kò ní parẹ́ lọ́kàn mi títí wọn ó fi gbé mi wọ kòtò. Bí mo bá ń jẹun tí mo rántí ẹ̀, òkèlè á dúró sí mi lọ́fun. Bí mo bá ń kírun tí mo rántí ẹ̀, n ò ní mọ ibi tí mo kà dé mọ́. Ẹ jẹ́ kí n fi ọwọ́ ara mi kọ ọ́ sílẹ̀, torí àwọn ará Bàrígà ti ń sọ ọ́ bó ṣe wù wọ́n, èyí tí wọ́n sì fi kún un ti pọ̀ ju èyí tó ṣẹlẹ̀ lọ.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ẹni tó ń bá yín sọ̀rọ̀ ná. Ìwé mẹ́rin péré ni mo kà kí èmi àti iléèwé tó fẹnu kò pé ká pínyà. Ṣùgbọ́n bébà tí mo ti gé ní Ṣómólú, kò sí ọ̀jọ̀gbọ́n tó lè ka ìdajì ẹ̀ tán láyé. Èmi ni mò ń dúró nídìí ẹ̀rọ ńlá tó ń gé bébà nílé ìtẹ̀wé wa. Kálẹ́ńdà yín, ìwé ìkésíni yín, ìwé àdúrà yín, bí ọ̀bẹ tèmi ò bá tíì kan etí ẹ̀, kò tíì di nǹkan. Mo sì tóbi. Kì í ṣe pé mo sanra o, mo tóbi ni. Àwọn méjèèjì yàtọ̀ síra. Bí mo bá fẹ́ wọ kẹ̀kẹ́ Màrúwá, ẹni tó ń wà á á kọ́kọ́ wo táyà ẹ̀ kó tó wo ojú mi. Nígbà èwe mi, abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò ni mí, wọ́n mọ ọwọ́ mi dé Ọbáníkòró. Ẹni tí ò bá gbà, kó wá béèrè lọ́wọ́ mi.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Àwọn òmìrán méjì kan wà lókè òkun, irú àwọn abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò tó wúwo jù lọ yẹn, tí gbogbo ayé ti ń retí kí wọ́n kojú ara wọn. Ìjà náà ti yẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n tún mú ọjọ́ mìíràn. Àwa nílé ìtẹ̀wé ti mọ ilé ìwòran tá a ó ti wò ó, a ti mọ ẹni tó máa jókòó síbi tí fáànù wà. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ni Wálé gbójú sókè látinú fóònù ẹ̀. Wálé ló ń fi kọ̀ǹpútà ya pósítà lọ́dọ̀ wa.

"Wọ́n tún ti wọ́gi lé e," ó wí.

Gbogbo wa pariwo. Wọ́n ní ọ̀kan ní orúkọ òun ló gbọ́dọ̀ ṣáájú. Èkejì ní òun kọ́ lòun máa kọ́kọ́ jáde sójú ìjà. Agbẹjọ́rò ọ̀kan ń bá agbẹjọ́rò èkejì fa ọ̀rọ̀, àwọn tó yẹ kó fẹ̀ṣẹ́ lu ara wọn wá jókòó sílé, wọ́n ń fi fóònù bú ara wọn.

Mo bú sẹ́rìn-ín. Mo gbọ́wọ́ kúrò lórí ẹ̀rọ, mo yíjú sí wọn. "Ojo ni wọ́n!" mo wí. "Ẹni tó bá fẹ́ jà, á jà. Orúkọ ta ló ṣáájú, ta ló kọ́kọ́ jáde, ṣé ìgbéyàwó ni wọ́n fẹ́ ṣe ni? Ká ní èmi ni, ẹ pè mí láàárọ̀, tó bá fi máa di ọ̀sán mo ti lu ẹni náà tán, nírọ̀lẹ́ mo ti padà sídìí bébà mi."

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ̀yin náà ẹ bá ẹnì kan jà ká wò yín," Wálé wí. Ọmọ yẹn ní ẹ̀rín kan tí kì í jẹ́ kéèyàn mọ̀ bóyá ó ń bọ̀wọ̀ fúnni ni àbí ó ń fini ṣẹ̀sín.

"Mú ẹni náà wá!"

"Dẹ̀lé Ẹlẹ́ja ńkọ́?"

 Ẹni tó ń po inkì dáwọ́ dúró.

Ìlàjẹ ní Bàrígà ni Dẹ̀lé Ẹlẹ́ja wà, létí ọ̀sà. Ó ní ọkọ̀ tó ń kẹ́ja lórí omi, ó sì ní àgbàlá tí àwọn obìnrin ti ń yan ẹja fún un. Ọkùnrin náà rí bíi fíríìjì tí wọ́n wọ ṣòkòtò fún. Òun náà ń sọ káàkiri pé òun kan ẹ̀ṣẹ́ nígbà èwe òun, ìyẹn ò dùn mí. Ẹnu ẹ̀ ni, kó fi sọ ohun tó bá wù ú. Ohun tí n ò lè fara dà ni pé ó máa ń pè mí ní àbúrò. Níbikíbi tá a bá ti pàdé, lójú ọ̀pọ̀ èèyàn, á na ọwọ́ ńlá ẹ̀, á ní, "Àbúrò mi, ṣé dáadáa ni?" Èmi! Èmi tí mo ti ń fá irùngbọ̀n kí wọ́n tó gba ọmú lẹ́nu ẹ̀!

Kò sì sẹ́ni tó lè bá wa dá ẹjọ́ náà, torí kò sẹ́ni tó kọ ọjọ́ ìbí wa síbì kan. Ìyá mi ní ọjọ́ tí òjò pọ̀ lòun bí mi. Ìyá tiẹ̀ ní ọjọ́ tí ẹja pọ̀ ni. Dẹ̀lé ní nígbà tí wọ́n ń ri òpó afárá kẹta sínú ọ̀sà, òun ti ń fi àjẹ̀ wa ọkọ̀. Èmi náà wá ní nígbà yẹn èmi ti ń wá ìyàwó. Irọ́ díẹ̀ wà nínú ẹ̀, mo gbà, ṣùgbọ́n irọ́ tèmi kéré sí tiẹ̀.

Wálé ti tẹ nọ́ńbà ẹ̀ kí n tó ráyè ronú, ó sì ṣí fóònù sí gbangba kí gbogbo ilé lè gbọ́.

"Halóò," mo wí, mo fẹ ohùn.

"Ta nìyẹn? Ṣé àbúrò mi ni?"

Gbogbo ilé ìtẹ̀wé rẹ́rìn-ín. Ẹ̀jẹ̀ mi gbóná. "Dẹ̀lé, bó o bá tó ọkùnrin, jáde wá ká kan ẹ̀ṣẹ́ lójú ayé."

 Mo gbọ́ tí wọ́n ń da ẹja sínú agbọ̀n lẹ́yìn ẹ̀. "Kò burú," ó wí. "Ṣùgbọ́n kí la máa torí ẹ̀ jà?"

Ẹnu ara mi ni mo fi sọ ọ́, kò sẹ́ni tó bá mi dá sí i. "Ẹni tó bá fìdí rẹmi, tàbí tó sá, á máa pe èkejì ní ẹ̀gbọ́n títí ayé. Níbikíbi tí wọ́n bá ti pàdé, á dọ̀bálẹ̀ gbalaja."

"Gbalaja?"

"Kí àyà kanlẹ̀!"

"Mo gbà," Dẹ̀lé wí. "Màá ti ní kí wọ́n gbálẹ̀ dè ẹ́."

Nígbà tí mo délé, ìyàwó mi, Ìyá Sìkírà, ti gbọ́. N ò mọ ẹni tó sọ fún un, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ní Ṣómólú máa ń wọ ọ̀kadà. Ó gbé oúnjẹ mi kalẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó wá rọra béèrè pé, "Bàbá Sìkírà, ṣé orúnkún yín ti gbọ́ nípa ìjà yìí?"

Mo ní kó lọ bu omi wá fún mi.

Kóòṣì Lámídì, tó ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní ẹ̀ṣẹ́ kíkàn nínú àgbàlá iléèwé kan ní Bàrígà, ló gbà láti ṣe rẹfirí. Inú ẹ̀ dùn. Ó ní èrò á pọ̀, wọ́n á sì tipa bẹ́ẹ̀ rí àwọn ọmọ òun. A mú ọjọ́ Sátidé. Ó kù kí n jẹ́ kí ayé gbọ́, pósítà sì nìyẹn, iṣẹ́ ọwọ́ wa.

Mo jókòó ti Wálé. Mo ní kó fi orí mi síbẹ̀ dáadáa. Ọmọ náà gbọ́ràn. Orí mi gba ìdajì bébà, ojú mi pupa bí ẹyin iná. KÌNNÌÚN ṢÓMÓLÚ ni wọ́n kọ sábẹ́ ẹ̀, gàdàgbà. Dẹ̀lé wà ní kọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ lápá òsì, kò ju òǹtẹ̀ ara lẹ́tà lọ. Mo fọwọ́ ara mi gé e, mo sì rán an lọ sí gbogbo Bàrígà títí dé etí omi.

Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán tí fóònù mi fi dún. "Àbúrò," Dẹ̀lé wí, "ìyàwó mi ló ń béèrè ibi tí mo wà nínú pósítà yìí. Ó ti wọ awò ojú o, kò tíì rí mi. N ò jà mọ́."

Kóòṣì sáré lọ sí Ìlàjẹ, ó sáré padà wá sí Ṣómólú. A tún pósítà yà. Orí méjèèjì wá dọ́gba, Wálé fi rúlà wọ̀n wọ́n. Ṣùgbọ́n ta ló máa wà lápá ọ̀tún? Orúkọ ta ni ojú máa kọ́kọ́ bá? Ẹjọ́ tún di tuntun. Wálé wá ní òun á tẹ orúkọ mi ṣáájú lójú kan bébà, òun á tẹ orúkọ Dẹ̀lé ṣáájú lẹ́yìn ẹ̀. Àwa méjèèjì gbà, inú wa dùn, àfi ìgbà tá a débi ògiri tá a rántí pé ojú kan ṣoṣo ni pósítà ń ní tí wọ́n bá ti lẹ̀ ẹ́. Báyìí ni gbogbo Ṣómólú ṣe lẹ tèmi síta, tí gbogbo Ìlàjẹ lẹ tiẹ̀ síta. Ẹni tó bá ń ti Ṣómólú lọ sí Bàrígà á rò pé ìjà méjì ló fẹ́ wáyé.

Ó wá ku ìwọ̀n. Kóòṣì ní ìjà àwọn tó wúwo ò ṣeé jà láìgun òṣùwọ̀n. Òṣùwọ̀n ńlá wà ní Ìlàjẹ tí wọ́n fi ń wọn ẹja. Mo ní n ò gun òṣùwọ̀n ẹlẹ́ja, láti ìgbà tí wọ́n ti rà á ló ti ń parọ́. Dẹ̀lé ní òun náà ò gun òṣùwọ̀n bébà tiwa, bébà lásán ni nǹkan náà mọ̀, kò mọ ọkùnrin. Kóòṣì ní bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ká gun méjèèjì, ká sì bẹ̀rẹ̀ láti Ìlàjẹ lọ́jọ́ Fúráìdè.

Ẹ ò ní bá mi wí bí mo bá sọ fún yín pé n ò fẹ́ kí Dẹ̀lé wúwo jù mí lọ. Mo jẹ ẹ̀bà láàárọ̀ ọjọ́ náà títí èmi fúnra mi fi bẹ̀rù. Mo tún mú àwọn ògbólógbòó irin ara ẹ̀rọ, mo tò wọ́n sínú àpò ṣòkòtò mi. Bí mo ṣe gun òṣùwọ̀n báyìí, abẹ́rẹ́ ẹ̀ gbéra, inú mi sì ń dùn. Àfi bí irin ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í fa ṣòkòtò mi lọ sísàlẹ̀, díẹ̀díẹ̀. Mo yára di ìbàdí mú.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ gbé ọwọ́ méjèèjì sókè," Kóòṣì wí. "Òfin ni."

"Ṣé ọ̀kan ò tó ni?"

"Méjèèjì, bọ̀ọ̀dá."

Mo gbé méjèèjì sókè. Ṣòkòtò mi lọ. Irin dún gbàù lórí òṣùwọ̀n, àwọn obìnrin tó ń yan ẹja figbe ta, ọ̀kan nínú wọn fi aṣọ bojú, ṣùgbọ́n ó fi àyè ojú kan sílẹ̀. "Ẹ wá wo Kìnnìún!" wọ́n ń pariwo. "Ẹ wá wo Kìnnìún Ṣómólú!" Dẹ̀lé rẹ́rìn-ín títí ó fi ká sórí ikùn. Bó ṣe ká bẹ́ẹ̀ ni òjé bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́ lára ẹ̀, pó, pó, pó, irú òjé tí wọ́n ń so mọ́ etí àwọ̀n kó lè rì sínú omi. Ó ti so ó mọ́ra yíká ìbàdí lábẹ́ bùbá! Èmi náà wá ráyè rẹ́rìn-ín, mo di ṣòkòtò mi mú, mo rẹ́rìn-ín dáadáa.

Kóòṣì wo èmi, ó wo Dẹ̀lé, ó nu ojú. "Ẹ̀yin méjèèjì wúwo," ó wí. "Ó tán."

Ọjọ́ Sátidé wá dé. Àgbàlá iléèwé náà kún dẹ́múdẹ́mú. Wọ́n ti to pákó sáàárín, wọ́n fi okùn yí i ká. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìtẹ̀wé Ṣómólú wà lápá kan, wọ́n ń fọn fèrè. Àwọn obìnrin Ìlàjẹ wà lápá kejì, wọ́n ń kọrin tí wọ́n fi ṣòkòtò mi kọ. Wọ́n fi èmi sí kíláàsì kan, wọ́n fi Dẹ̀lé sí kíláàsì tó tẹ̀ lé e. Láti kíláàsì wa sí àgbàlá, ọ̀nà kan ṣoṣo ló wà, géètì onírin kékeré kan tí ìlẹ̀kùn ẹ̀ apá kan ti dípẹtà tí kì í ṣí mọ́.

Mo wọ agbádá àwọn abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò. Ojúlówó aṣọ bánà tí wọ́n ń kọ ìpolówó sí ni mo fi rán an, ó ń dán, wúrà ni gbogbo ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́yìn ẹ̀. Ohun tí n ò rò tẹ́lẹ̀ ni pé rọ́bà ni bánà. Afẹ́fẹ́ ò wọlé, ooru ò jáde. N ò tíì ju ẹ̀ṣẹ́ kankan tí òógùn fi kún bàtà mi.

Kóòṣì wọlé. "Bọ̀ọ̀dá, ó yá, ẹ jáde."

"Ṣé Dẹ̀lé ti jáde?"

"Ó ní kẹ́ ẹ kọ́kọ́ máa lọ."

Mo rẹ́rìn-ín ẹ̀gbẹ́ ẹnu. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kà á, ẹ̀yin náà mọ bó ṣe rí nílé tiwa. Àwọn ọmọdé ló ń kọ́kọ́ péjọ, tí wọ́n bá ti péjọ tán ni àgbà á wá wọlé, tí gbogbo wọn á sì dìde kí i. Bí mo bá fi lè kọ́kọ́ bọ́ sójú ìjà, tí mo wá dúró dé Dẹ̀lé, ẹsẹ̀ ara mi ló ti jẹ́rìí pé ẹ̀gbọ́n mi ni. Ohun tá a sì fẹ́ torí ẹ̀ jà gan-an nìyẹn. "Sọ fún un pé àbúrò ló ń dúró de ẹ̀gbọ́n," mo wí.

Kóòṣì lọ, ó padà dé. "Ó ní bẹ́ẹ̀ gan-an lòun náà wí."

Ó lọ, ó bọ̀. Ó lọ, ó tún bọ̀. Níta, àwọn ọmọ Kóòṣì ti kan gbogbo ẹ̀ṣẹ́ tí wọ́n ní í kàn. Àwọn tó ti jà tún jà. Nígbà tó yá, àwọn obìnrin méjì tó ń ta omi gun orí pákó, wọ́n ń na ẹ̀ṣẹ́ sí afẹ́fẹ́, èrò sì pàtẹ́wọ́ fún wọn ju bí wọ́n ṣe máa ṣe fún wa lọ. Oòrùn ń jó. Wọ́n ń pariwo pé, "Ẹ jáde! Ẹ jáde!"

Ìyá Sìkírà yọjú lójú fèrèsé. "Bàbá Sìkírà, ṣé ibẹ̀ lẹ máa sùn ni?"

"Iyì mi ni mò ń dúró tì."

"Iyì ti lọ sílé, Bàbá Sìkírà. Oòrùn lé e."

Kóòṣì fúnra ẹ̀ ló wá ojútùú náà, kí Ọlọ́run dárí jì í. Ó ní ká jáde pa pọ̀. Ká dúró ní ẹ̀gbẹ́ ara wa níwájú géètì, bí òun bá ti fọn fèrè, ká gbé ẹsẹ̀ kan náà lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣáájú ẹnikẹ́ni. Mo ronú sí i, n ò rí ẹ̀tàn nínú ẹ̀. Dẹ̀lé náà gbà. Nígbà tó jáde, mo rí i pé àwọ̀n ìpẹja ló fi ṣe aṣọ ìlékè, ó gbé e kọ́ èjìká méjèèjì, ó ń wọ́ ọ tuurutu nílẹ̀ bí ọba.

Kóòṣì fọn fèrè. A gbẹ́sẹ̀.

Ẹ gbọ́, ẹni tó ṣe géètì yẹn, àwọn ọmọ iléèwé ló ní lọ́kàn. Èjìká mi wọlé, èjìká ẹ̀ wọlé, ikùn wa méjèèjì wá bára wọn lẹ́nu ọ̀nà, ó parí. A ò lè lọ síwájú. Mo ní kí n fà sẹ́yìn díẹ̀, mo wá rántí pé bí mo bá fà sẹ́yìn, mo ti sá nìyẹn. Mo dúró. Òun náà dúró. Àwọ̀n ẹ̀ ti há mọ́ ìdè géètì lókè, agbádá rọ́bà mi sì ti há sínú àwọ̀n. Gbogbo Bàrígà gbé fóònù sókè.

"Tẹ̀ sẹ́yìn," mo sọ sí i létí.

"Àbúrò ló ń tẹ̀ sẹ́yìn."

"Dẹ̀lé, ikùn ẹ ń fún mi."

"Tìrẹ ló ń fún mi. Kí lo jẹ láàárọ̀ yìí ná?"

"Ẹ̀bà."

"Mo mọ̀."

A dúró báyẹn, imú wa fẹ́rẹ̀ẹ́ kanra. N ò rí ojú Dẹ̀lé nítòsí báyẹn rí. Ojú ẹ̀ ń ṣẹ́ wàìwàì, mo sì mọ̀ pé òun náà kò fẹ́ kan ẹ̀ṣẹ́ kankan lọ́jọ́ yẹn, bí kì í bá ṣe tèmi, bí kì í bá ṣe tàwọn obìnrin ẹlẹ́ja tó ń wò ó, ì bá ti lọ sílé. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ fún un pé ká jọ dákú. Mo ṣáà ń wá bí màá ṣe sọ ọ́ ni ó ṣí ẹsẹ̀ nípò láti wá àyè mí, ó sì gbé gìgísẹ̀ ẹ̀, pẹ̀lú gbogbo ara tó wà lókè ẹ̀, lé ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi tó kéré jù.

Ẹ má bi mí bí ọ̀rọ̀ náà ṣe jáde. Ìyá mi kọ́ mi nílé, ó kọ́ mi jù. Ìrora náà gba orí mi wọlé, ó gba ẹnu mi jáde: "Yéè! Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbẹ́sẹ̀ yín!"

 Mo gbọ́ tí ìkà kan láàárín èrò ní, "Kí ló pè é?"

"Ó pè é ní ẹ̀gbọ́n!"

Ìlàjẹ gbiná. Wọ́n ń fò, wọ́n ń ju ìborùn sókè. Àwọn èèyàn tèmi ń pariwo pé kì í ṣe ẹnu Kìnnìún ló sọ ọ́, ìka ẹsẹ̀ ẹ̀ ni. Kóòṣì ní kí wọ́n bu omi ọṣẹ wá, wọ́n sì dà á lé wa lórí láti orí dé ẹsẹ̀. Àwọn kan di Dẹ̀lé mú lápá iwájú, wọ́n fà á, ó yọ gbọ́lọ́. Kò sí ohun tó tún gbé mi dúró mọ́. Mo bá a yọ, agbádá mi ya ṣáà, mo ṣubú lulẹ̀ níwájú Dẹ̀lé, ọwọ́ mi méjèèjì lẹ́gbẹ̀ẹ́, àyà mi nílẹ̀. Gbalaja. Béèyàn bá ní kí wọ́n fi kọ́ ọmọ ní ìdọ̀bálẹ̀, kò lè dáa jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Wálé, ọmọ burúkú, ni mo gbọ́ ohùn ẹ̀. "Bọ̀ọ̀dá ti pè é, bọ̀ọ̀dá sì ti dọ̀bálẹ̀. Kí ló kù tí wọ́n fẹ́ jà sí?"

Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Kóòṣì kó ìbọ̀wọ́ tó mú dání fún wa padà sínú àpò. Èrò tú ká. Ìjà ńlá tí wọ́n lẹ pósítà ẹ̀ láti Ṣómólú dé etí ọ̀sà parí, ẹnikẹ́ni ò ju ẹ̀ṣẹ́, àfi àwọn ọmọ Kóòṣì àti àwọn olómi méjì yẹn.

Fídíò náà dé Ọbáníkòró kí n tó délé. Èmi náà sì jẹ́ ọkùnrin, mo mú àdéhùn mi ṣẹ. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo dọ̀bálẹ̀ fún Dẹ̀lé ní Ìlàjẹ, ilẹ̀ tí wọ́n ti ń fọ ẹja ni. Nígbà tí mo délé, Ìyá Sìkírà ní kí n dúró síta, òun ń gbé omi bọ̀. Lójú ọjọ́ mélòó kan sí i, nígbà tó rí i pé ojú mi ò wálẹ̀, ó jókòó tì mí. "Bàbá Sìkírà, kí lẹ ń sunkún fún? Ẹ ti ní ẹ̀gbọ́n báyìí, ẹ ò sì mọ̀ ọ́n lò."

Mo wò ó. Ó gbé báàfù, ó wé gèlè, ó di Ìlàjẹ. Ó kúnlẹ̀ fún Dẹ̀lé lójú gbogbo obìnrin tó ń yan ẹja. "Bọ̀ọ̀dá ọkọ mi, àbúrò yín kí yín. Ó ní ọbẹ̀ òun ò lẹ́ja." Kí ni Dẹ̀lé fẹ́ wí? Òun náà ló ń pariwo pé òun ni ẹ̀gbọ́n! Báàfù kún. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó tún kún. Nígbà tí èmi àti onílé mi ń jà, ẹ̀gbọ́n mi ni mo rán lọ bẹ̀ ẹ́. Nígbà tí àwọn àna Sìkírà wá mọ̀ wá nílé, ẹ̀gbọ́n mi ló jókòó sáàárín, ọ̀dọ̀ ẹ̀ ni gbogbo ẹ̀bẹ̀ àti gbogbo ìnáwó ń lọ. Èmi jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́, mo ń jẹun. Nígbà tó yá, gbogbo òṣìṣẹ́ ilé ìtẹ̀wé wa náà wá di àbúrò Dẹ̀lé, pàápàá Wálé, tó fẹ́ràn ẹja yíyan.

Dẹ̀lé fara dà á títí, ó sú u. Ó wá sí Ṣómólú lọ́sàn-án kan, ó dúró nídìí ẹ̀rọ mi, ó ti rù.

"Jọ̀ọ́," ó wí, "ká tún ìjà yẹn jà."

"Ìjà wo, ẹ̀gbọ́n mi?"

"Má pè mí bẹ́ẹ̀. Èmi ni màá kọ́kọ́ wọlé. Kí orúkọ ẹ ṣáájú. Kí orí ẹ gba gbogbo pósítà. Ẹ̀ṣẹ́ àkọ́kọ́ tó o bá jù, bó ò tiẹ̀ bà mí, màá ṣubú, màá máa pè ọ́ ní ẹ̀gbọ́n láti ọjọ́ yẹn lọ."

Mo pa ẹ̀rọ. Mo tú ṣẹ́ẹ̀tì mi, mo dọ̀bálẹ̀ fún un gbalaja láàárín bébà tí mo gé. "Háà, ẹ̀gbọ́n mi," mo wí látilẹ̀, "ta ló bí mi tí màá gbọ́wọ́ sókè sí yín?"

Ó mí kanlẹ̀, ó jáde lọ.

Ohun tí mo kọ́ nìyí, mo sì fún yín lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn òmìrán tẹ́ ẹ rí tí wọn kì í jà yẹn, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ́ ni wọ́n ń bẹ̀rù. Ẹ̀ṣẹ́ rọrùn, á dunni, á sì lọ. Ipò ló le. Kí wọ́n tó jà, olúkúlùkù fẹ́ jẹ́ ọ̀gá. Ọjọ́ tí wọ́n bá mọ ohun tí ọ̀gá ń gbé lérí, kò ní sẹ́ni tó fẹ́ borí mọ́. Èyí tó wù kó jẹ́ nínú méjèèjì, ìjà ò ní wáyé.

Mo ń rẹ́rìn-ín bí mo ṣe ń kọ èyí, ẹ̀rín náà ò sì dùn tán. Mo gbọ́dọ̀ dìde báyìí kí n lọ wá ògbólógbòó aṣọ kan wọ̀. Ìlàjẹ ni mò ń lọ, báàfù wa ti gbẹ, òjò sì rọ̀ láàárọ̀ yìí. Ilẹ̀ ibẹ̀ ò ní dáa.